Mo Sin Ràfíátù Lọ sí Ilé-Ìwé ní Sachse

Ẹ̀yin ará Ìwó, ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lójú títì láti ìgbà tí mo ti dé, tí ẹ ń bi mí pé "Alhaja, Amẹ́ríkà ńkọ́?", ẹ jókòó kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ó ti ń rẹ̀ mí lẹ́nu. Ẹni tí ó bá ń retí ìtàn ilé gogoro àti dọ́là tí ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, kí ó yáa dìde nísinsìnyí. Inú mi kò dùn. Àwa méjì la lọ, èmi nìkan ni mo bọ̀, ohun tí ó sì fà á ni mo fẹ́ sọ.

Kí ẹni tí kò mọ̀ mí lè mọ̀ mí: tíṣà ni mí. Mo fẹ̀yìntì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé wa. Ìjọba kò rán ẹlòmíràn wá dípò mi, nítorí náà mo ṣì ń lọ kọ́ Prámárì Fáìfù lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn ọmọ má baà máa wo ojú pátákó lásán. Ràfíátù ni ọmọ-ọmọ mi, ọmọ Mùtíù tí í ṣe àkọ́bí mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ ni nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó ṣe, Sìdí ìyá rẹ̀ tẹ̀lé bàbá, ọmọ sì kù sí mi lọ́wọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní á-bí-dí, èmi ni mo kọ́ ọ ní òǹkà, láti Prámárì Wáànù ni ó sì ti ń gba ipò kìíní.

Nígbà tí ìwé àṣẹ rẹ̀ jáde pé ó lè lọ bá àwọn òbí rẹ̀, èmi àti Mùtíù ṣe àdéhùn lórí fóònù. Èmi ni n ó mú un lọ. Wọn ó fi í sí ilé-ìwé níbẹ̀ fún táàmù kan, a ó sì wò ó. Tí ẹ̀kọ́ ibẹ̀ bá ju tiwa lọ, kí ó dúró. Tí kò bá jù ú, n ó mú ọmọ mi padà wá sí Ìwó, kí ó wá parí prámárì lójú mi. Mùtíù gbà kíákíá, èmi náà sì gbà, nítorí ó dá mi lójú pé èmi ni n ó jàre. Kí ni òyìnbó tún fẹ́ kọ́ ọmọ tí ó mọ olú-ìlú gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì lórí?

Ẹnu ibodè

Ọkùnrin tí ó gbà wá sí Dallas jókòó sẹ́yìn gíláàsì, kò rẹ́rìn-ín, kò kí ni. Ó wo ìwé ìrìnnà wa, ó wo ojú wa, ó ní, "Kí lẹ bá wá?"

Mo ní mo mú ọmọ wá bá àwọn òbí rẹ̀ ni. Ó ní ó dáa. Ó wá na ọrùn kí ó lè rí Ràfíátù dáadáa, ó sì bi òun náà pé, "Ìwọ ńkọ́, kí ni o fẹ́ ṣe níbí?"

Ọmọ mi kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó wo ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé, ó sì sọ ọ́ lọ́nà kan, láìmí: "I am fine, thank you, and you, sir?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín níkẹyìn, ó sì lu òǹtẹ̀. Ẹ ò rí bí mo ṣe yangàn lọ́jọ́ náà! Mo ń wo àwọn tí ó wà lẹ́yìn wa lórí ìlà bóyá wọ́n gbọ́ irú òyìnbó tí ọmọ mi ń sọ. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé kì í ṣe ohun tí ọkùnrin yẹn bi í ni ó dáhùn.

Iwájú díẹ̀ ni obìnrin kan ti tú àpò mi. Èlùbọ́ kọjá. Irú náà kọjá, lẹ́yìn tí ó gbóòórùn rẹ̀ tí ó sì fa imú sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n pọ̀nmọ́ tí mo fi sùúrù sá sí oòrùn, garawa ìdọ̀tí ni ó jù ú sí, ó sì ń pè mí ní "ma'am" bí ó ti ń jù ú. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ ba nǹkan ẹni jẹ́ ní Texas.

Ìlú tí kò sí ẹlẹ́sẹ̀

Sachse ni Mùtíù ń gbé, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Garland, níbi tí gbogbo ilé ti jọra tí ènìyàn fi lè wọ ilé onílé kí ó sì bá wọn jẹun tán kí ó tó mọ̀. Mo ti rò pé òtútù ni wọ́n ń pè ní òkè òkun. Ẹni tí ó wà nínú oòrùn Dallas lóṣù Ògọ́sì kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó dúró ti iná àdògán, tiwa nílé ń ṣe jẹ́jẹ́ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọṣọ, mo jáde láti lọ kí àwọn ará àdúgbò. Kò sí ará àdúgbò. Ilẹ̀kùn ńlá kan á ṣí fúnra rẹ̀, mọ́tò á yọ jáde, ilẹ̀kùn á padé, ó tán. Mo rìn títí mo fi dé ìkóríta, n kò rí ẹni tí mo lè sọ pé ẹ káàárọ̀ fún. Nígbà tí ó yá, obìnrin òyìnbó kan dá mọ́tò rẹ̀ dúró, ó bi mí bóyá mo ti sọnù. Mo ní mo ń nasẹ̀ ni. Kò gbà mí gbọ́. Àfi ìgbà tí ó gbé mi dé ẹnu ọ̀nà Mùtíù tí ó sì rí i pé ẹnìkan ṣílẹ̀kùn fún mi ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Oore ni ó ṣe mí, n kò lè bú u.

"Ìyá, ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn níbí, gas ló tán nínú ọkọ̀ ẹ̀," ni Mùtíù wí, ó ń rẹ́rìn-ín mi.

Ẹ̀rín yẹn kò bá mi lára mu, nítorí mo ti rí ohun mìíràn nínú ilé náà. Fàrúùkù, àbúrò Ràfíátù tí wọ́n bí síbẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Hi, Grandma." Mo ní, "Ọkọ mi, báwo ni wọ́n ṣe ń kí ìyá àgbà?" Ó kọjú sí bàbá rẹ̀, ó ní, "What did she say?" Sìdí, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, sáré wá bẹ̀ mí: "Ẹ má bínú, Ìyá, ó ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀." Ọmọ náà kò gbọ́ díẹ̀, kò sì gbọ́ púpọ̀. Mo jẹ ẹran màlúù tí Mùtíù fi èéfín sè láti ìdájí títí ó fi ń já fúnra rẹ̀, ó dùn, n kò ní purọ́.

Àwọn tí a fi owó ìlú kọ́

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Mùtíù gbé mi lọ sí mọ́ṣáláṣí àwọn ọmọ Yorùbá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ara mi yá. Lẹ́yìn ìrun wọ́n gbé ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín kalẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀ kí mi, àwọn ọkùnrin ń sọ pé "Alhaja, ẹ kú ewu ọ̀nà." Mo ń bi wọ́n níṣẹ́ wọn, bí àgbà ṣe máa ń ṣe. Ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, apòògùn ni. Ẹni tí kì í ṣe apòògùn, kọ̀ǹpútà ni ó ń bá ṣiṣẹ́, tàbí ó ń wa tírélà. Gbogbo wọn pátá ni wọ́n kàwé nílé, lórí àga tí ìlú rà, lábẹ́ tíṣà tí ìlú ń san owó oṣù rẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú láti san án. Mo ń wò wọ́n, mo sì ń ronú pé a gbin iṣu, òde ni ẹ̀bù rẹ̀ ti ń ta.

Ọ̀kan nínú wọn, Lásísì, jókòó tì mí. Olùkọ́ àwọn olùkọ́ ni nílé, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di tíṣà. Ní Dallas, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù kan ni ó ń ṣiṣẹ́. Ó ti gbọ́ ẹjọ́ Ràfíátù lẹ́nu Mùtíù.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn stay o," ni ó wí. "Kí lẹ fẹ́ mú un padà lọ ṣe?"

"Kí ó lọ kàwé rẹ̀ ni."

"Ìwé wo, mà? Èmi tí ẹ ń wò yìí, 6-3-3-4 ni wọ́n fi wá sí. Wọ́n ní a máa kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀rọ dé sí school wa lóòótọ́, wọ́n kó o sínú yàrá kan, wọ́n tìlẹ̀kùn, ó dípẹtà tán. Nígbà tó kan àwọn àbúrò mi, wọ́n ní 9-3-4 ló kù. Ẹ wá bi wọ́n pé, okay, kí lẹ fẹ́ kí ọmọ yìí lè ṣe tó bá jáde? Kẹ́kẹ́ á pa. Òǹkà ni wọ́n ń yí, Alhaja. Nobody sọ fún wa ibi tí a ń lọ."

Inú bí mi. Mo ní, "Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n tó báyìí, kí ló dé tí o ò dúró tún un ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ayọ̀ nínú rẹ̀. "Mo dúró, mà. Mo dúró títí. Ọkọ̀ tí dírẹ́bà ò mọ ibi tó ń gbé e lọ, ṣé èmi nìkan ni kí n máa tì í lẹ́yìn ni?"

Ní ọkàn mi mo ń sọ pé ọ̀lẹ ni ẹ̀yin tí ẹ sá, ẹ kàn ń wá àwáwí ni. N ó mú ọmọ mi kúrò láàárín yín.

Ohun tí ó dà kọ

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe nílé tí tíṣà bá wọ kíláàsì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ràfíátù wọ ilé-ìwé, bí tíṣà ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó fò dìde, ó sì kọrin rẹ̀ jáde: "Good mor-ning, ma! You are wel-come, ma!" Òun nìkan ni ó dìde. Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà náà kò rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì ni Ràfíátù kò ti dìde mọ́. Mo ní kí ó máa dìde, kí ó má jẹ́ kí wọ́n ba ìwà rẹ̀ jẹ́. Ó ní, "Ìyá, èmi nìkan ni mà." Ohùn rẹ̀ ṣe mí láàánú, mo sì fi í sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè wá. Èmi àti Mùtíù ni a lọ, nítorí Sìdí wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo wọ léèsì mi, mo wé gèlè, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ sọ fún wa pé ọmọ wa ti ga ju kíláàsì wọn lọ, kí a gbé e sókè.

Miss Holloway ni orúkọ tíṣà náà, ọmọdébìnrin kan tí ó lè jẹ́ àbíkẹ́yìn mi. Orí àga àwọn ọmọ ni a jókòó sí, Ràfíátù láàárín wa, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Ó gbé tákàdá kan kalẹ̀. Ó ti fún àwọn ọmọ ní ìtàn kan nípa ọmọbìnrin tí ó rí ajá he, tí ó sì mọ̀ pé ajá náà ní ẹni tí ó ni ín. Ó ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò pé ó yẹ kí ọmọbìnrin náà ṣe. Ràfíátù ti fi rúlà fa ìlà pupa sí ẹ̀gbẹ́ tákàdá, ó kọ déètì, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó wá da ìtàn náà kọ láti orí dé ìdí, kò fo àmì kan. Ìwé náà mọ́ nini.

"Ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ," ni Miss Holloway wí. "Ṣùgbọ́n mo wá Ràfíátù nínú rẹ̀, n kò rí i."

Mo gbaná jẹ. Mo ní kò tí ì mọ irú ọmọ tí ó wà níwájú rẹ̀. Mo kọjú sí Ràfíátù: "Dìde, sọ fún un. What is photosynthesis?"

Ọmọ mi dìde, ọwọ́ lẹ́yìn, ó sì ka ìtumọ̀ rẹ̀ jáde bí omi: ewéko, oòrùn, omi, atẹ́gùn, oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ ní òyìnbó tí ó já gaara. Mo fẹ̀yìn ti àga. Miss Holloway fi orí yìn ín, ó sì gbé ìkòkò òdòdó kan láti ojú fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ti ọmọ náà dọ́gba.

"Tí mo bá gbé eléyìí sínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, tí mo sì tì í pa, kí ni o rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí i?"

Ràfíátù wo òdòdó. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wá yíjú, ó wò mí. Ẹ̀yin ará ilé, mo mọ ìwò yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kíláàsì mi ṣe máa ń wò mí tí wọ́n bá ń dúró kí n kọ ìdáhùn sójú pátákó, kí wọ́n lè dà á kọ. Mo la ẹnu láti gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n Miss Holloway gbé ọwọ́ sókè jẹ́jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ma'am. Ẹ jẹ́ kí ó lọ wádìí rẹ̀."

Ó wá padà jókòó, ó mú bírò. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn gan-an ni ó dùn mí jù. "Ẹ ràn mí lọ́wọ́, kí n lè mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè yín, kí ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ tí ó tó báyìí lè ṣe?"

"Kí ó yege ìdánwò," ni mo wí.

"Ìdánwò wo?"

"Èyí tí yóò gbé e dé sẹ́kọ́ńdìrì."

"Kí ó lè ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Kí ó yege èyí tí yóò gbé e dé yunifásítì."

Ó ń dúró. Bírò rẹ̀ wà lórí tákàdá, kò tí ì kọ nǹkan kan. Mo wá ìyókù ọ̀rọ̀ náà nínú orí mi, n kò rí i. Mùtíù ń wo bàtà rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí ó wà lára ògiri. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ojú ọmọdé mọ: "Lónìí, mo lè sọ èrò mi, kí n sì sọ ìdí rẹ̀." Gbogbo ẹni tí ó bá ti di ṣọ́ọ̀kì mú rí nílẹ̀ wa ni yóò mọ ohun tí ó gún mi lọ́kàn. Àwa náà máa ń kọ ọ́. A máa ń kọ ọ́ sínú lẹ́sìn-nóòtì, ìwé ètò iṣẹ́ tí tíṣà gbọ́dọ̀ kọ kí ó tó wọ kíláàsì: "Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè..." Alábẹ̀wò ilé-ìwé ni a ń kọ ọ́ fún. Yóò dé, yóò mu mọ́ọ̀tì rẹ̀, yóò fi bírò pupa fa ìlà sí i, yóò máa lọ. Kò sí ọmọ kankan tí ó rí i rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí láti òkè wá: wọn a kọ ìlànà tuntun ní Àbújá, wọn a fi sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọwọ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọn a kà á fún àlejò, wọn a sì tì í mọ́ ibi tí ẹ̀rọ Lásísì wà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò gbọ́ nípa rẹ̀. Ìyà ni èyí jẹ́, ìyà tí a fi ọwọ́ ara wa fi jẹ ọmọ wa.

Ohun tí wọ́n tún kọ́ ọ

Ẹ má rò pé mo ń pe ibẹ̀ ní àlùjánnà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, Ràfíátù ti ilé-ìwé dé, ó bá mi nídìí ilá tí mo ń rẹ́.

"Ìyá, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe máa fara pamọ́ lónìí."

"Fún kí ni?"

"Tí ẹni tó mú ìbọn bá wọ school. A pa iná, a sá sí kọ̀rọ̀, a ò gbọdọ̀ wúkọ́. Miss Holloway ní mo ṣe dáadáa, mo dákẹ́ jù."

Mo gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Mo ti máa ń na ọmọ nítorí ariwo, ṣùgbọ́n n kò rò ó rí pé ibì kan wà láyé tí ìdákẹ́jẹ́ ọmọ ti ń gbà á lọ́wọ́ ikú. Mo sọ fún Mùtíù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé ọ̀rọ̀ ti tán, mo ń mú ọmọ mi lọ. Orílẹ̀-èdè tí ó mọ ohun tí ó fẹ́ kí ọmọ mọ̀, tí kò sì lè gba ìbọn lọ́wọ́ aṣiwèrè, kí ló fẹ́ fi yangàn sí mi?

Mùtíù kò bá mi jà. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Àárọ̀ kì í mọ́ kí n má rò ó. Ṣùgbọ́n táàmù ò tíì parí. Àdéhùn ni àdéhùn, mà."

Inú mi dùn díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí n má tàn yín. Mo ti rí ohun tí n ó fi jàre.

Ẹ̀wà

Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí táàmù parí, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí Sìdí ń kó ìkòkò sí ni mo ti rí i. Mo ń wá ìkòkò tí n ó fi ro àmàlà, ni ọwọ́ mi bá kan ife kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Yẹ̀ẹ̀pẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀wà sì ti hù láti inú rẹ̀, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun. Mo pariwo pé ta ni ó ń fi oúnjẹ ṣòfò nínú ilé yìí.

Ràfíátù sáré wọlé. Ó kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù." Ó wá fà mí lọ́wọ́ lọ sí ojú fèrèsé yàrá rẹ̀. Ife mìíràn wà níbẹ̀. Ẹ̀wà tibẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n ó dúró gbọin, ewé rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀.

"Ẹ wò ó, Ìyá. Mo rò pé èyí tó wà nínú òkùnkùn ò ní hù rárá. Ó hù! Ó tiẹ̀ ga ju èyí lọ. Mo rò pé ó ń wá ìmọ́lẹ̀ ni, òun ló fi ń sáré, kò wá rí i. Àmọ́ n ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ gbé e síta kí n wò ó bóyá ó máa padà tutù."

Ọmọ tí kò mọ ohun tí yóò sọ níjọ́sí ni ó ń sọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ dákẹ́ mọ́ yìí. "Mo rò pé" ni ó ń sọ. Láti ìgbà tí mo ti bí àwọn ọmọ mi, tí mo sì ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé kankan nínú kíláàsì mi. Ayọ̀ gbá mi lọ́kàn, ìbànújẹ́ sì tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, n kò mọ èyí tí ó fa omi lójú mi.

Ó wá bi mí, "Ìyá, tí a bá padà sí Ìwó, ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n máa ṣe báyìí ní school?"

Ẹ bá mi wò ó. Ọmọ tí mo tọ́, tí mo sùn tì, tí ó ń fi orí lé itan mi nígbà tí mo bá ń ka tẹ̀sùbáà. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò tẹ̀lé mi. Ó gbà mí gbọ́ ju àwọn òbí rẹ̀ lọ. Mo rántí kíláàsì wa, àwọn ọmọ tí wọ́n há mọ́ra wọn lórí bẹ́ǹṣì, èmi nìkan pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, àti ìdánwò tí ó ń bọ̀, tí kò ní bi ẹnikẹ́ni ní ohun tí ó rò. Ẹni tí ó bá kọ èrò ara rẹ̀ síbẹ̀, òdo ni yóò gbà.

Mo ní, "Rárá, ọkọ mi. Wọn ò ní jẹ́ kí o ṣe é."

Ó ń fi ìka kan ewé ẹ̀wà náà. Lẹ́yìn èyí ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ máa lọ nígbà náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbá mi mọ́ra, ó sunkún, èmi náà sunkún, a sì jẹ àmàlà náà ní tútù. Nígbà tí mo sọ fún Mùtíù, kò yọ̀ mí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún mi lójú Fàrúùkù, ọmọ náà sì ń wò wá bí ẹni tí ń wo eré.

Ìwó

Mo dé. Ẹ wá kí mi, ẹ gbàdúrà fún mi, ẹ sì bi mí pé kí ni mo mú bọ̀. Ilé dùn mọ́ mi. Kò sí ẹni tí ó bi mí bóyá mo ti sọnù nígbà tí mo ń fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n ẹní tí Ràfíátù ń sùn lé wà ní kíká lẹ́bàá ògiri, n kò sì tíì lè gbé e kúrò níbẹ̀.

Mo padà sí ilé-ìwé. Bí mo ti yọ, gbogbo Prámárì Fáìfù dìde: "Good mor-ning, ma! You are wel-come, ma!" Ohùn tí mo ti ń gbọ́ tayọ̀tayọ̀ láti ìgbà èwe mi ni, ó sì dùn mí lọ́jọ́ náà títí dé egungun. Mo ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n mú bírò àti rúlà, wọ́n fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, wọ́n gbójú sókè. Wọ́n ń dúró dè mí.

N kò mú ṣọ́ọ̀kì. Mo ní, "Ẹ gbé bírò sílẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín. Tí ẹ bá kàwé yìí tán, kí ni ẹ fẹ́ ṣe?"

Wọ́n wo ojú pátákó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Ó pẹ́ kí Múínátù, tí ó máa ń bá Ràfíátù pín bẹ́ǹṣì, tó nàka sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, a fẹ́ lọ bá Ràfíátù."

Mo bi àwọn yòókù pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Yes, ma!" Ní gbogbo ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ, ìdáhùn àkọ́kọ́ nìyẹn tí kíláàsì kan fún mi tí kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn.